Ta Là Ń Fi Ṣẹ̀rín? Ìyá Àwẹ̀ró àti Obìnrin Inú Àwàdà Yorùbá

Nígbàkígbà tí a bá ń dárúkọ àwọn ọ̀gá àwàdà Yorùbá, ọkùnrin ni a máa ń kà: Moses Ọláìyá tí í ṣe Bàbá Sàlá, Òjò Ládípọ̀, Adébáyọ̀ Sàlámì tí í ṣe Ọ̀gá Bello. Obìnrin a tẹ̀ lé wọn wọ orí ìtàgé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó aláròyé, ìyá ọkọ tàbí olófòófó àdúgbò. Lámèyítọ́ a ní ó gbìyànjú, a sì kọjá lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí a bá fara balẹ̀ wo iṣẹ́ Lánre Hassan, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Ìyá Àwẹ̀ró, a óò rí i pé ọwọ́ irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ ni àwàdà wa ti yí padà jù. Tẹ́lẹ̀, obìnrin ni à ń fi ṣẹ̀rín. Lọ́wọ́ tirẹ̀, àwa àti obìnrin náà la jọ ń rẹ́rìn-ín.

Inú eré eégún alárìnjó ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin ló ń gbé eégún, nítorí náà obìnrin inú eré wọn, ọkùnrin tó wọ ìbòjú ni, ìbáà jẹ́ ìyàwó, ìbáà jẹ́ aṣẹ́wó. Ojú ìbòjú kì í yí padà. Àbùkù kan ni agbẹ́gilére fi sí i lójú, àbùkù yẹn náà ni olùwòran sì ń rẹ́rìn-ín rẹ̀ títí eré fi parí. Nígbà tí Hubert Ògúndé sọ tíátà di iṣẹ́ òòjọ́ ní ọdún 1945, ó kó obìnrin gidi wá sórí ìtàgé. Kò rọrùn, nítorí alágbe ni ọ̀pọ̀ òbí ka òṣèré sí, ó sì di dandan kí ó fẹ́ púpọ̀ nínú àwọn obìnrin náà kí wọ́n má baà fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni ojú tó lè yí padà ti rọ́pò ìbòjú. Inú tíátà tuntun yìí ni Lánre Hassan, tí a bí ní 1950, ti dàgbà. Ní 1964, tí ó ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin, ó wọ ẹgbẹ́ Young Concert Party lábẹ́ Òjò Ládípọ̀, ẹgbẹ́ tó padà di Àwàdà Kẹríkẹrì. Àwọn ẹgbẹ́ alárìnkiri ìgbà náà kì í sábà kọ eré sílẹ̀. Ọ̀gá á la ìtàn kalẹ̀, kálukú á sì wá ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ níwájú èrò. Ẹni tó bá dàgbà nínú irú iṣẹ́ yìí yóò mọ etí í fi sílẹ̀ kí ó tó la ẹnu. Ibẹ̀ gan-an ni agbára Ìyá Àwẹ̀ró wà: nínú ìfèsì, nínú dídákẹ́ díẹ̀ kí ìfèsì tó dé.

Ẹ wo fíìmù Family on Fire tí Tádé Ògìdán ṣe ní 2011. Ìyá kan, tí Ìyá Àwẹ̀ró ṣe, ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ kí àwọn ọmọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kan, tí Saheed Balógun ṣe, fi kokéènì pamọ́ sínú ẹrù rẹ̀ láìjẹ́ kó mọ̀. Olùwòran mọ̀, ìyá kò mọ̀. Bí òṣèré bá fi ojú kan ṣoṣo hàn pé òun fura, eré ti bàjẹ́. Ìyá Àwẹ̀ró kò fura rárá, ó ń ṣe ìyá lọ ní tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè pè é ní òmùgọ̀. Ọmọ tó tan ìyá rẹ̀ jẹ ni a ń bínú sí, òun náà ni a sì ń fi ṣẹ̀rín.

Àwọn kan yóò ní ìbòjú àtijọ́ náà ṣì ni. Wọ́n á ní ìyá aláròyé kan náà ni, àti pé orúkọ pàápàá jẹ́rìí sí i: Ìyá Àwẹ̀ró, Ìyá Rainbow, Madam Saje tí Fausat Balógun gbà nínú eré Ẹ̀rín Kèékèé. Ẹ̀dá inú eré ti gbé orúkọ òṣèré mì. Òótọ́ wà níbẹ̀, ipa kan náà sì ni àwọn olùdarí fíìmù ń pè wọ́n sí lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ipa lọ̀tọ̀, bí a ṣe ṣe é lọ̀tọ̀. Ẹni tó bá gbé ilé fésì-mí-àì-fésì-yú ní Ṣómólú tàbí Bàrígà, níbi tí ìdílé púpọ̀ ti ń pín ilé ìdáná kan, mọ̀ pé obìnrin tó mọ ohun tó ń lọ ní yàrá kejì kì í ṣe olófòófó lásán. Òun ló mọ ọmọ ta ni ara rẹ̀ kò yá, òun ló ń làjà. Obìnrin yìí ni Ìyá Àwẹ̀ró ń ṣe. Ìbòjú kò lè ṣe é, nítorí ìbòjú kò ní etí.

Irú etí bẹ́ẹ̀ ṣe é kọ́, ibi ìkọ́ni sì wà nítòsí: Bàrígà kan náà ni Ṣẹ́gun Adéfilà dá ẹgbẹ́ òṣèré Crown Troupe of Africa sílẹ̀ sí ní 1996. Ibẹ̀ ni Ṣeun Awóbàjò ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ijó àti eré nínú ẹgbẹ́ Footprints of David. Yunifásítì Èkó kò sì jìnnà sí wọn, ní Àkọ́kà. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní eré ṣíṣe ní àwọn ibi wọ̀nyí, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó ti fíìmù Ìyá Àwẹ̀ró, kí wọ́n kọ àwọn ìfèsì rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ibi tó ti dákẹ́.