Ìtọ́jú Ímeèlì sínú Kọ̀ǹpútà Àdáni: Iṣẹ́ Lámèyítọ́ lórí Ọ̀nà Méjì

Lóde òní, ímeèlì ni púpọ̀ nínú àkójọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè ń gbà dé ọwọ́ olùwádìí tí ń ṣiṣẹ́ láàrin Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà. Nítorí pé íntánẹ́ẹ̀tì kì í já geere nígbà gbogbo, inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni ó ń kó wọn pamọ́ sí. Ọ̀nà tí ètò ímeèlì ń gbà tọ́jú wọn kì í wá ṣe ọ̀rọ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Ó kan ẹnikẹ́ni tí ó bá ka ojúlówó ọ̀rọ̀ sí. Èrò iṣẹ́ yìí ni pé kí ímeèlì kọ̀ọ̀kan ní fáìlì tirẹ̀, kí ó wà bí ó ṣe dé gan-an, kí atọ́ka tí a fi ń wá ọ̀rọ̀ sì dá dúró lọ́tọ̀.

Ọ̀nà kìíní ni mbox, tí ó ti ara ètò Unix ti àwọn ọdún 1970 wá, tí Thunderbird sì ń lò bí olùlò kò bá yan òmíràn. Gbogbo ímeèlì inú àpò kan ni ó ń tò tẹ̀ léra sínú fáìlì kan. Ó rọrùn láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní àléébù méjì. Ìlà tí ó bá fi "From " bẹ̀rẹ̀ ni ó fi ń mọ ibi tí ímeèlì tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Bí irú ìlà bẹ́ẹ̀ bá wà láàrin ọ̀rọ̀ ẹni tí ó kọ̀wé, ọ̀pọ̀ ètò a fi àmì ">" ṣíwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Èkejì, kí àyè ímeèlì tí a parẹ́ tó lè ṣófo, a ní láti tún fáìlì náà kọ. Bí iná bá lọ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, tí bátìrì sì ti kú, odindi àpò ni ó wà nínú ewu.

Ọ̀nà kejì ni Maildir, tí Daniel J. Bernstein gbé jáde ní nǹkan bí ọdún 1995. Inú àpò "tmp" ni ó ti ń kọ ímeèlì. Ìgbà tí ó bá pé tán ni ó ń gbé e lọ sínú "new". Bí iná bá lọ, èyí tí kò tíì pé nìkan ni yóò ṣègbé. Àwọn tí kò fara mọ́ ọn sọ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké a máa fa ìwárí sẹ́yìn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n atọ́ka ni oògùn rẹ̀, èyí tí a lè tún ṣe láti ara àwọn fáìlì náà bí ó bá bàjẹ́.

Orúkọ Ọ̀kà fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Unicode kò ní àmì kan ṣoṣo fún Ọ tí ó ru àmì ohùn ìsàlẹ̀. Ẹnì kan lè tẹ Ọ kí ó tó fi àmì ohùn lé e; ẹlòmíràn lè tẹ Ò kí ó tó fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Bákan náà ni wọ́n rí lójú, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà lè kà wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí a bá sì yọ àmì kúrò, ìlú Ọ̀kà, ọkà oko àti ọká tí ń ṣe ejò di ọ̀kan náà. Atọ́ka ni kí ó so àwọn ìkọsílẹ̀ wọ̀nyí pọ̀. Fáìlì kò gbọdọ̀ tún wọn ṣe, nítorí pé ẹ̀rí ni ọ̀nà tí olùránṣẹ́ gbà kọ ọ̀rọ̀ jẹ́.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Oníṣẹ́ ni òwe yìí fún láyè. Àká kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀: ohun tí a bá kó sínú rẹ̀ ni ó yẹ kí a bá níbẹ̀.