Irun Kì í Ṣe Ojú

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ rántí gbólóhùn alátẹnumọ́: "Ìwé ni Adé rà." Ẹyọ kan là ń tì síwájú, ìyókù á dúró sẹ́yìn. Bí ọ̀pọ̀ ayàwòrán ṣe ń ya ènìyàn nìyẹn: ẹyinjú á mọ́ kedere, etí àti ẹ̀yìn á rí bàìbàì. Kò burú. Julia Margaret Cameron ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láwọn ọdún 1860. Àwọn kan bú u, síbẹ̀ àwòrán rẹ̀ wà láàyè.

Irun ńkọ́? Ní 1968 ni J. D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ láti ẹ̀yìn orí. Orí rí roboto: ìpàkọ́ súnmọ́ wa, àtàrí jìnnà díẹ̀. Ibi gbogbo lọwọ́ onídìrí sì dé. Ayàwòrán irun gbọ́dọ̀ fún ojú lẹ́ǹsì kí ibi tó mọ́ lè jìn tó.

Àwọn fóònù wa tó ń sọ ẹ̀yìn àwòrán di bàìbàì máa ń gé etí irun jẹ. Èmi ò gbà á. Bí onídìrí mìíràn ò bá lè wo àwòrán irun kó sì dì í, àwòrán ọ̀hún ò tíì parí iṣẹ́.