Ilé Ńlá Tí Kò Sọ Bí Àlejò Ṣe Ń Di Ọmọ: Àyẹ̀wò Ìwé Abdourahman Waberi

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n orúkọ ńlá kan wà tí àwọn aṣáájú Áfíríkà ti ń pè láti ọjọ́ pípẹ́ láìtíì kọ́lé fún un. Orúkọ náà ni Orílẹ̀-èdè Aṣọ̀kan ti Áfíríkà. Kwame Nkrumah, Ààrẹ Gánà, ké gbàjarè lórí ìṣọ̀kan yìí ní Addis Ababa ní ọdún 1963, nígbà tí wọ́n dá àjọ OAU sílẹ̀. Muammar Gaddafi ti Líbíà tún gbé e dìde, débi pé àwọn olórí Áfíríkà jókòó jíròrò lé e lórí ní Accra ní oṣù Keje ọdún 2007. Títí di òní, ẹnu ni ọ̀rọ̀ náà ṣì wà.

Òǹkọ̀wé kan ti bá wọn kọ́ ilé náà tán nínú ìwé. Abdourahman Waberi ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Djibouti, tí wọ́n bí ní 1965, tí ó sì fi ilé sílẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Faransé ní 1985. Ó pe ìtàn-àròsọ rẹ̀ ní Aux États-Unis d'Afrique. Ọdún 2006 ni ìwé náà jáde ní èdè Faransé. David Ball àti Nicole Ball ló túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó jáde ní 2009 pẹ̀lú orúkọ In the United States of Africa. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ẹni tó bá fara balẹ̀ kà á yóò parí rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì.

Ìdí tí mo fi gbé e wá síwájú ẹ̀yin òbí àti ọmọ Yorùbá tí ẹ ń gbé Kánò, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì, Port Harcourt àti àwọn ìlú mìíràn lẹ́yìn odi ilẹ̀ Yorùbá ni pé ọ̀rọ̀ àtìpó ni ìwé náà dá lé. Ọ̀rọ̀ àtìpó kì í sì í ṣe ìtàn létí wa.

OHUN TÍ ÌTÀN NÁÀ SỌ

Waberi dojú ayé dé. Nínú ìwé rẹ̀, Áfíríkà ni ọrọ̀ wà. Gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ti di orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, Asmara tó wà ní Eritrea sì ni olú-ìlú rẹ̀. Òṣì, ogun àti àìsàn wà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Àwọn aláwọ̀ funfun ló ń di ẹrù wọn, tí wọ́n ń sá bọ̀ wá wá oúnjẹ lọ́dọ̀ wa. Àwọn orúkọ tí a mọ̀ mọ́ ọjà òyìnbó pàápàá ti yí padà: McDiop ni wọ́n ti ń jẹun, Neguscafé ni wọ́n ń mu.

Ẹni tí a kọ́kọ́ pàdé ni Yacuba, kápẹ́ńtà kan tó wá láti ẹ̀bá ìlú Zurich ní Switzerland. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó kà á sí ènìyàn ní Asmara. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a rí Maya. Normandy, nílẹ̀ Faransé, ni wọ́n bí i sí. Oníṣègùn ọmọ Áfíríkà kan tó lọ ṣàánú àwọn tálákà lọ́hùn-ún ló gbà á tọ́, ó sì mú un wá sí Asmara. Maya dàgbà, ó di oníṣọ̀nà, àmọ́ àwọ̀ ara rẹ̀ kò jẹ́ kó gbàgbé pé ibòmíràn ni òun ti ṣẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ó kọrí sí Paris láti wá ìyá tó bí i lọ́mọ.

IBI TÍ ÌWÉ NÁÀ TI GBAYÌ

Ẹ̀fẹ̀ ni Waberi fi ṣe irinṣẹ́, ẹ̀fẹ̀ náà sì ta ènìyàn. Gbogbo ọ̀rọ̀ àbùkù tí wọ́n máa ń sọ sí ọmọ Áfíríkà tó rékọjá òkun ni ó kó sẹ́nu àwọn ọlọ́rọ̀ Áfíríkà: pé àwọn àlejò náà dọ̀tí, pé ọ̀lẹ ni wọ́n, pé ẹ̀yà wọn ti pọ̀ jù, pé àìsàn ni wọ́n ń kó bọ̀. Bí a bá ń kà á, a óò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó bá ṣe díẹ̀, ẹ̀rín náà yóò tán lẹ́nu wa, nítorí pé a mọ àwọn ọ̀rọ̀ yẹn. Wọ́n ti sọ wọ́n sí wa rí. Àwa náà sì ti sọ wọ́n sí ẹlòmíràn rí.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìnísà àti Ṣakí wà lára àwọn tó fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn kò mọ ilé mìíràn ju Gánà lọ. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari ní Nàìjíríà pàṣẹ irú rẹ̀ fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni, àwọn tó sì lọ lé ní mílíọ̀nù kan, ọmọ Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn. Báàgì tí gbogbo ìyá ọlọ́jà ń lò títí dòní, tí a ń pè ní Ghana Must Go, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n lé lánàá ló padà wá ń wo bí wọ́n ṣe ń lé ẹlòmíràn. Waberi mọ irú ayé yìí dáadáa. Ìyẹn ni agbára ìwé rẹ̀.

IBI TÍ ÌWÉ NÁÀ KÙ DÍẸ̀ KÁÀTÓ

Ìwé tí a pe orúkọ orílẹ̀-èdè mọ́ yẹ kó jẹ́ ká rí bí orílẹ̀-èdè náà ṣe ń rìn. Waberi fún wa ní olú-ìlú, ó fún wa ní ọrọ̀, ṣùgbọ́n ìtàn náà kò tẹ̀lé ẹnikẹ́ni wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣòfin. Báwo ni Wolof, Yorùbá, Zulu àti Amhara ṣe fẹnu kò pé Asmara ni kí olú-ìlú wà? Ta ní ń san owó orí, ta sì ní ń ná an? Bí ìpínlẹ̀ kan bá kọ̀ láti tẹ̀lé àṣẹ, ta ni yóò bá a wí? Ẹni tó bá ti gbé lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ ti Nàìjíríà yóò fẹ́ mọ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ bí àlejò ṣe ń wọlé. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí Maya gbà di ọmọ ilé ni àánú oníṣègùn kan. Yacuba kò rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìta ló wà. Ìtàn náà kò dúró béèrè ohun tí òfin sọ nípa àwọn méjèèjì. Àánú dára, ẹ̀yin ará mi, ṣùgbọ́n àánú kì í ṣe òfin. Onílé tó bá fi àánú gbà ọ́ lónìí lè kú lọ́la, kí ọmọ rẹ̀ sì ní kí o kó ẹrù rẹ.

Ẹnìkan lè sọ pé ìwé ẹ̀fẹ̀ ni, pé kì í ṣe ìwé òfin. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe láti fi òfin ṣe ẹ̀fẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti tò lórí ìlà ní ẹnubodè, tí wọ́n ní kó lọ mú ìwé kan wá, tó mú un dé, tí wọ́n tún ní ìwé mìíràn ló kù, ó mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí Waberi fo ibẹ̀, òǹkàwé lè pa ìwé náà dé pẹ̀lú èrò pé ọ̀rọ̀ ta ló lówó, ta ni kò lówó nìkan ni gbogbo rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí Áfíríkà bá lówó ni ìyà àtìpó máa tán. Ìwé náà fúnra rẹ̀ sì ti fi hàn pé kò tán. Orí ẹlòmíràn ni ìyà náà bọ́ sí.

ÌṢỌ̀KAN TÍ A TI RÍ LÓJÚ AYÉ

Ẹ jẹ́ ká fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an wé e. Èkó ni wọ́n ti dá àjọ ECOWAS sílẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1975. Ní 1979, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Dakar, pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú àjọ náà lè wọ òmíràn láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́. Ẹ̀tọ́ láti máa gbé ibẹ̀ àti láti dá iṣẹ́ sílẹ̀ yóò tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀. Ọdún kẹrin lẹ́yìn àdéhùn yẹn ni ti 1983 ṣẹlẹ̀. Ìjọba wa ní àwọn tí òun lé ti lo kọjá ọjọ́ tí òfin fún wọn. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ àjọ náà kò ní ẹnikẹ́ni tó lè sọ fún Nàìjíríà nígbà náà pé ọ̀sẹ̀ méjì kéré jù fún ènìyàn láti palẹ̀ ayé rẹ̀ mọ́.

Nǹkan ti yí padà díẹ̀ láti ìgbà náà. ECOWAS ní kóòtù ní Àbújá, láti 2005 sì ni ẹnikẹ́ni nínú wa ti lè gbé ẹjọ́ lọ síbẹ̀ bí ìjọba bá tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní ilé ìgbìmọ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń yan àwọn tó ń jókòó níbẹ̀ láàárín ara wọn. A kì í dìbò fún wọn fúnra wa. Ọwọ́ àwọn olórí orílẹ̀-èdè ni ìpinnu ńlá ṣì wà. Nígbà tí Málì, Burkina Faso àti Niger kúrò nínú àjọ náà ní ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, tí ó ku orílẹ̀-èdè 12, kò sí ẹni tó bi ìyá ọlọ́jà tó ń ná ọjà Niamey léèrè. ECOWAS kéde lọ́jọ́ náà pé kí wọ́n ṣì máa jẹ́ kí àwọn ará ibẹ̀ wọlé kí wọ́n sì jáde bíi ti tẹ́lẹ̀, títí àṣẹ mìíràn yóò fi dé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: ẹ̀tọ́ tó ń dúró de àṣẹ mìíràn, àánú ló ti dà.

ILÉ TIWA ŃKỌ́?

Nàìjíríà fúnra rẹ̀, ìṣọ̀kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀yà ni. Ìwé òfin 1999, ní abala 15, sọ pé ìjọba gbọ́dọ̀ rí i pé gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ kíkún láti gbé níbikíbi. Ọ̀rọ̀ dídùn ni. Àmọ́ orí kejì ìwé náà ni abala yìí wà, abala 6 sì ti sọ pé kóòtù kò lè fi ohun tó wà ní orí kejì mú ìjọba, àfi níbi tí ìwé òfin bá ti sọ ọ̀tọ̀. Ẹ tún ṣí abala 147. Ó ní mínísítà tí wọ́n bá mú láti ìpínlẹ̀ kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀. Bí ẹ bá sì dé abala 318, ohun tó ń sọ ènìyàn di ara ìpínlẹ̀ kan ni pé kí òbí rẹ̀ tàbí òbí rẹ̀ àgbà jẹ́ ará ẹ̀yà tó ni ibẹ̀. Kò sọ iye ọdún tí ènìyàn ti gbé ibẹ̀. Kò sọ ibi tí wọ́n bí i sí.

Nítorí náà, ọmọ tí wọ́n bí ní Kánò, tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ ní Kánò, tó ń sọ Hausa bí ẹní mu omi, yóò ṣì máa padà lọ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ tí bàbá bàbá rẹ̀ ti wá. Bó bá débẹ̀, wọ́n lè wò ó lójú pé ọmọ ta nìyí. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má rele. Ọmọ tí a bí sí àjò ńkọ́? Èwo ni ilé rẹ̀?

Kí a má sì tan ara wa. Bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ya Sabon Gari sọ́tọ̀ fún wa ní Kánò, bẹ́ẹ̀ náà ni Sábó ṣe wà ní Ìbàdàn fún àwọn Hausa. Ọmọ Hausa tí wọ́n bí sí Sábó, tó ń fi Yorùbá pòwe, ṣé a ń kà á sí ọmọ Ìbàdàn? Ohun tí a bá fẹ́ kí wọ́n ṣe fún ọmọ wa níhìn-ín, a gbọ́dọ̀ lè sọ pé kí wọ́n ṣe é fún ọmọ ẹlòmíràn nílé.

ÌDÁJỌ́ MI

Ẹ wá ìwé Waberi kà, kí ẹ sì fún àwọn ọmọ yín tó ti wà ní kíláàsì gíga ní sẹ́kọ́ńdìrì. Yóò pa wọ́n lẹ́rìn-ín, yóò sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìyà àtìpó kì í wo àwọ̀ ara. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má parí rẹ̀ láìbéèrè ohun tí òǹkọ̀wé kò béèrè: ní orílẹ̀-èdè ńlá yẹn, òfin wo ni ì bá sọ Yacuba di ọmọ ilé?

Ẹgbẹ́ wa náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbàkígbà tí àwọn aṣòfin bá tún ní kí aráàlú wá sọ èrò wọn lórí àtúnṣe ìwé òfin, kí á má fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún àwọn lọ́yà nìkan. Kí á kọ ọ́ sínú ìwé, kí á buwọ́ lù ú, kí á sọ iye ọdún tí ó yẹ kí ènìyàn fi gbé ìlú kan, kó sì san owó orí níbẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ tó di ọmọ ibẹ̀. Kí á sì pe àwọn ará Sábó pé kí wọ́n wá bá wa buwọ́ lù ú. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.