Òfin Inú Fọ́ọ̀mù: Àyẹ̀wò Blaise gẹ́gẹ́ bí Èdè Ìkọ̀wé Ìbéèrè

Ìfáàrà

Ìjíròrò tí ẹnì kan ti kọ sílẹ̀ kí ẹnì kejì tó dé ni fọ́ọ̀mù jẹ́. Ẹni tí ó kọ ọ́ ni ó ti pinnu ohun tí wọn yóò béèrè àti ohun tí olùdáhùn lè sọ. Lórí bébà, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá àyè ìdáhùn mu lè kọ ọ́ sí etí ìwé. Lójú kọ̀ǹpútà, kò dájú pé irú etí ìwé bẹ́ẹ̀ yóò wà. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí lámèyítọ́ yẹ èdè tí wọ́n fi ń kọ irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ wò. Blaise jẹ́ àpẹẹrẹ pàtàkì.

Ìpìlẹ̀ Blaise

Àjọ oníṣirò ìjọba ilẹ̀ Netherlands ni ó gbé Blaise jáde ní 1986. Jelke Bethlehem wà lára àwọn tí ó ṣe é. Orí Pascal, èdè kọ̀ǹpútà tí Niklaus Wirth dá sílẹ̀, ni wọ́n gbé e lé, orúkọ àkọ́kọ́ Blaise Pascal, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n sì fún un. Kí ó tó dé, léraléra ni wọ́n ń ṣàlàyé ìwé ìbéèrè kan náà fún ẹ̀rọ: nígbà títẹ̀ ẹ́ wọlé, nígbà wíwá àṣìṣe, àti nígbà ìṣirò. Blaise sọ gbogbo rẹ̀ di àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo. Nínú abala FIELDS ni ìbéèrè àti irú ìdáhùn wà. Abala RULES ni ó ń sọ ìbéèrè tí ó kàn àti àwọn ìdáhùn tí kò bá ara wọn mu.

Iyì Blaise wà níhìn-ín: òfin di ọ̀rọ̀ tí ó ṣeé kà, tí ó sì ṣeé jiyàn lé lórí. Bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n kàn ya fọ́ọ̀mù sójú kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ nìkan ni yóò hàn. Òfin rẹ̀ yóò fara sin.

CHECK àti SIGNAL

Ọ̀nà méjì ni Blaise fi ń kojú ìdáhùn tí kò bá ara wọn mu. CHECK a kọ̀ ọ́; ó di dandan kí wọ́n yí ìdáhùn kan padà. SIGNAL a béèrè. Bí afọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò bá jẹ́rìí pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí, iṣẹ́ yóò tẹ̀ síwájú.

Bí òfin kan bá sọ pé ọjọ́ orí ìyá gbọ́dọ̀ fi ọdún 12, ó kéré tán, ju ti ọmọ lọ, ó tọ̀nà ní ti ìbímọ. Ṣùgbọ́n nínú agbo ilé Yorùbá, obìnrin ẹni 30 ọdún lè pe ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹni 22 ọdún, ní ọmọ rẹ̀ láìpurọ́. Bí ó bá jẹ́ CHECK, afọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí ilẹ̀ ti ń ṣú bá lè bu ọdún kún ọjọ́ orí obìnrin náà kí fọ́ọ̀mù lè gbà á. Irọ́ wọlé, òfin sì dákẹ́. Bí ó bá jẹ́ SIGNAL, yóò béèrè pé, “Mà, ṣé ẹ̀yin gan-an ni ẹ bí i?” Ẹnu oníkàn ni ọ̀rọ̀ yóò ti jáde.

Èyí kò sọ pé kí gbogbo òfin di SIGNAL. Ìbéèrè tí ó bá pọ̀ jù a máa sú ènìyàn, wọn a sì máa fò ó. Ohun tí kò lè rí bẹ́ẹ̀ ní èdèkédè, bí ọjọ́ ìbí tí kò tíì dé, ni CHECK tọ́ sí.

Ọ̀ràn náà kò mọ sí Netherlands. CSPro, iṣẹ́ àjọ ìkànìyàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni wọ́n lò fún ìwádìí ìlera ní ilé dé ilé ní Nàìjíríà ní 2018. Òun náà ní errmsg, tí ń kìlọ̀, àti reenter, tí ń dá ènìyàn padà sídìí ìbéèrè.

Àgbálọgbábọ̀

Àléébù Blaise ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọ̀rọ̀ àṣẹ rẹ̀. Òfin tí ó ṣeé kà fún ẹni tí ó kọ ọ́ lè má ṣeé kà fún ẹni tí ń fi í béèrè ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Blaise fi àyè sílẹ̀ fún gbólóhùn àlàyé lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfin kọ̀ọ̀kan. Èdè olùdáhùn ni ó yẹ kí gbólóhùn náà jẹ́, kí àwọn tí ó gbọ́ èdè náà sì jókòó ka gbogbo CHECK kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí kò gba òtítọ́ kò tíì parí, bí ó ti wù kí ojú rẹ̀ mọ́ tó.