Ogun Lẹ́nu Akéwì

Òrù kò jìnnà sí Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Igbó. Níbẹ̀ ni ọmọ-ogun Ìjẹ̀bú pàgọ́ sí lábẹ́ Balógun Nọ́fowókàn, nígbà ogun ńlá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, èyí tí a ń pè ní Kírìjì nítorí ìró ìbọn rẹ̀. Bí a bá tẹ́tí sí oríkì àwọn jagunjagun irú ìgbà bẹ́ẹ̀, a ó gbọ́ orúkọ balógun, a ó gbọ́ ìlú tí ó fọ́ àti ẹrú tí ó kó. Ṣùgbọ́n ta ni ó ru ẹ̀tù lọ sí bùdó? Onírárà kò sọ. A kò bá a wí; ọwọ́ ọlọ́lá ni ó ti ń jẹun. Síbẹ̀, kí olùkọ́ má ṣe sáré kọjá lórí ìyìn náà, nítorí bí a bá pe ènìyàn ní iná lójú ara rẹ̀, a ti yìn ín, a sì ti dárúkọ ohun tí ó ṣe sí ilé ẹlòmíràn.

Ní oṣù karùn-ún 1892, ní Ìmágbọ̀n, ìbọn Maxim àwọn Gẹ̀ẹ́sì tú ogun Ìjẹ̀bú ká. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kò ní oríkì: ẹni tí ń yìn ín kò mọ ẹni tí ó pa.

Ohun tí ó dé bá àwọn akéwì wa nínú ogun abẹ́lé 1967 sí 1970 nìyí. Christopher Okigbo, ẹni tí ó ti ṣe olùkọ́ ní Fìdítì rí, gbé ìbọn, ó sì kú sójú ogun ní agbègbè Nsukka ní 1967. Àwọn kan ń kọ́ ọmọ pé ikú náà ni ó sọ ọ́ di ńlá. A kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ kì í tún ewì ṣe. Kí ogun tó dé ni ó ti kọ Path of Thunder, tí ìró ìlù àti ìkìlọ̀ kún inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí a ti wọn agbára rẹ̀.

Wọlé Ṣóyínká, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìṣarà, wà ní àtìmọ́lé láti 1967 di 1969. Ògiri ẹ̀wọ̀n ni ó ń bá sọ̀rọ̀ nínú A Shuttle in the Crypt (1972), ọ̀rọ̀ náà sì le fún ọmọ ilé-ìwé.

J. P. Clark ni a fẹ́ràn jù. Ní tòótọ́, nínú Casualties (1970), ó fi ẹranko bo ènìyàn mọ́lẹ̀ títí ó fi ní láti fi àlàyé kún un. Ṣùgbọ́n nínú ewì tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ ìwé náà, ó ka àwọn tí ìbọn kò bà mọ́ àwọn tí ogun ṣe léṣe, ó sì ka ara rẹ̀ pẹ̀lú wọn.