Bíríkìlà Tí A Gbàgbé ní Òṣogbo

Ó ti sú mi láti máa gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ wa pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ díẹ̀ péré ló bí iṣẹ́ ọnà Òṣogbo. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyí: wọ́n dá ilé ọnà Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní 1962, Denis Williams wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́, Georgina Beier tẹ̀ lé e ní 1964, ó parí. Wọn kì í bi wá pé ta ni àwọn ọ̀dọ́ náà. Òṣèré ẹgbẹ́ Dúró Ládípọ̀ ni Jacob Afọlábí, Rufus Ògúndélé àti Múráínà Oyèlámì. Jímọ̀h Bùràímọ̀ ló ń bá ẹgbẹ́ náà tan iná orí ìtàgé. Wọ́n ti jọ ń jáde eré, wọ́n ti ń wo ọwọ́ ara wọn kọ́ṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó pín ọ̀dà fún wọn.

Ṣùgbọ́n àwọn ayàwòrán ṣì rí ẹni dárúkọ wọn. Adébísí Àkànjí ló dùn mí jù. Bíríkìlà ni. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń fi kọjá lára rẹ̀, bí ẹni pé alágbàṣe Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, lásán ni.

Àkànjí bá iṣẹ́ nílẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn Àgùdà ti padà dé láti Brazil ni àwọn bíríkìlà wa ti ń fi sìmẹ́ǹtì mọ kìnnìún síwájú ilé. Òun wá gbé e kọjá ibẹ̀. Nínú ògiri oníhò irú èyí tó ṣe sí ilé epo Esso ní Òṣogbo, irin ló kọ́kọ́ ń tẹ̀ di ènìyàn àti ẹranko, kó tó fi sìmẹ́ǹtì bò ó, tí ìmọ́lẹ̀ yóò sì máa gba àárín wọn kọjá. Sìmẹ́ǹtì tútù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá ṣàn jù, yóò yọ̀ kúrò lára irin. Bó bá gan jù, kò ní lẹ̀. Bó bá sì le tán, àfi kí a máa fi òòlù gbẹ́ ẹ. Ẹni tó ń pò ó gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí ẹni tó ń lẹ̀ ẹ́ yóò nílò rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnì kan pariwo. Ẹ̀gbẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ni a ti ń kọ́ èyí.

Ayàwòrán ará Austria ni Susanne Wenger, Àdùnní wa, nígbà tó dé Nàìjíríà ní 1950. Bíríkìlà àti kápẹ́ńtà ló kó jọ nígbà tó ń tún ojúbọ inú igbó Ọ̀ṣun ṣe. Àwọn tó ní òun ló kọ́ gbogbo wọn, kí wọ́n sọ fún mi, ọ̀dọ̀ ta lòun ti kọ́ sìmẹ́ǹtì? Kàsálì Àkàngbé ńkọ́, tí wọ́n bí sídìí igi gbígbẹ́? Àwọn òpó rẹ̀ gùn, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, ojú àwọn ère ara wọn fà gùn. Kò jọ ti Àdùnní, kò sì jọ ti Àkànjí, síbẹ̀ wọ́n jọ wà nínú igbó kan náà, ìkankan kò sì pa èkejì lára. Èmi ò mọ ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ lásán fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ti fi ọdún púpọ̀ jọ ṣiṣẹ́, tí wọ́n jọ ń jiyàn lórí rẹ̀, ló ń ṣe é.

Àdùnní kú ní 2009. Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ kò fi ère àti ògiri igbó náà sílẹ̀ fún òjò. Àwọn ló ń tún un ṣe, láìsí Àdùnní níbẹ̀ láti darí wọn.