Ṣé Ìyàwó Ló Sanra Jù Ni, Àbí Gáùn Ló Kéré?

Kò sí aṣọ tí ó máa ń fojú obìnrin tó sanra gbolẹ̀ bíi gáùn funfun tí a fi ń ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn èèyàn a ní ẹ̀bi ẹni tó ń jẹun jù ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Bí a ó bá dá ẹjọ́ yìí bó ṣe yẹ, gáùn fúnra rẹ̀ ló yẹ ká pè wá síwájú, ká bi í léèrè bí wọ́n ṣe gé e, bí wọ́n ṣe rán an, àti ẹni tí wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń rán an.

Ọbabìnrin Victoria ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wọ sátíìnì funfun tí wọ́n fi léèsì Honiton ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ lọ́jọ́ tó fẹ́ Albert, ní ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 1840, tí àwọn olówó sì ń wò ó kọ́ṣe. Ẹ̀sìn ìgbàgbọ́ ló bá àṣà náà dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i o: ara Victoria ni wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó gé aṣọ Victoria. Èyí tí à ń rà lónìí ní Balógun l'Ékòó, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń ti ilẹ̀ Ṣáínà wá, nọ́ńbà ni wọ́n rán an fún.

Nọ́ńbà ọ̀hún náà kò sì dúró sójú kan. Ẹni tó ń wọ 16 lójoojúmọ́ lè dé ìdí gáùn ìgbéyàwó kí wọ́n ní 20 ló máa gbà á, nítorí ìwọ̀n tí àwọn tó ń ṣe gáùn ń lò sábà máa ń kéré sí ti aṣọ tí à ń wọ̀ lọ sọ́jà. Bó bá tún jẹ́ pé Amẹ́ríkà ni nọ́ńbà náà ti wá, 16 tiwọn tó 20 ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ìyàwó tí kò mọ èyí á máa rò pé òun ṣàdédé sanra lóru ọjọ́ kan ni.

Ẹ wá gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń lọ nínú ṣọ́ọ̀bù. "Ìyàwó wa, ẹ fa ikùn mọ́ra." Ìyàwó á fà á. Síìpù á dé ìdajì ẹ̀yìn, á dúró. "Màdámù, kò ní fún mi báyìí?" "Kí ló máa fún yín? Ṣebí oṣù méjì ṣì wà. Ẹ fi ẹ̀bà alẹ́ sílẹ̀, á gbà yín."

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni mo bá jà. Owó òní ni wọ́n gbà, ara ọ̀la ni wọ́n ta gáùn fún. Bí ọjọ́ bá pé tí ara ò sì fọn, ta ni yóò dá owó padà? Ìyàwó á wọ ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú píìnì lẹ́yìn, kò ní lè mí dáadáa, kò ní lè jókòó, jíjó tí ó yẹ kó jó lọ́jọ́ ayọ̀ rẹ̀ á wá di ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ẹ̀bà kọ́ ló rán gáùn.

Ìgbà náà ni wọ́n á wá sáré lọ bá télọ̀. Télọ̀ kì í ṣe babaláwo. Bó bá fẹ́ fẹ aṣọ, àfi kí aṣọ ti ṣẹ́ kù sínú níbi tí wọ́n ti rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ̀, àwọn tó ń rán gáùn fún ọjà kì í sì fi púpọ̀ sílẹ̀. Bó bá tilẹ̀ wà níbẹ̀, sátíìnì kì í fi àṣírí pa mọ́: tí ẹ bá tú u, ihò abẹ́rẹ́ á hàn kedere, àfi kí wọ́n wá léèsì lẹ̀ mọ́ ọn. Ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n á fi tú u níkọ̀ọ̀kan kí ẹ̀rọ tó kọjá. Téèyàn bá ro iṣẹ́ yìí, kò ní bínú sí owó tí télọ̀ bá pè. Èyí tí wọ́n yá lò tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé olówó rẹ̀ kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi sísọ́ọ̀sì kàn án.

Àtúnṣe tó dára jù lójú tèmi ni kí wọ́n yọ síìpù ẹ̀yìn, kí wọ́n fi okùn dè é bíi bàtà, kí wọ́n wá gé aṣọ gbọọrọ kan sábẹ́ okùn náà kí ẹ̀yìn má bàa hàn. Ó lè fi ínṣì mélòó kan kún un, bí oúnjẹ bá sì wọlé, wọ́n á dẹ okùn. Ẹni tí kò tíì rà, kó ra èyí tó gba ibi tó tóbi jù lára rẹ̀, kí wọ́n wá fún ìyókù. Ó rọrùn láti fún aṣọ ju kí á fẹ̀ ẹ́ lọ. Kó sì jókòó nínú rẹ̀ kó tó sanwó, torí ìdí àti ikùn a máa fẹ̀ sí i nígbà téèyàn bá jókòó.

Àwọn tó ń rán gáùn nílé níbí náà jẹ̀bi díẹ̀. Wọ́n á wọn obìnrin dáadáa o, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti rí i pé ó sanra, wọ́n á kó nẹ́ẹ̀tì lé e lórí bí ẹni ń bo ẹrù. Ohun tó nílò kọ́ nìyẹn. Bẹ́líìtì líle tí a rán sínú ìbàdí gáùn, àti ike tẹ́ẹ́rẹ́ tó nà án dúró, ló ń gbé àyà tó wúwo ró, kí ìyàwó má bàa máa fa gáùn sókè ní gbogbo ìgbà.

Ohun tó wá ń yà mí lẹ́nu ni pé, lọ́jọ́ ìdána, obìnrin yìí kan náà ti wọ aṣọ òkè. Aṣọ òkè kò ní nọ́ńbà. Tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n hun ún, wọ́n sì rán an pọ̀. Bí ìró kò bá yí i ká tó, wọ́n á rán ẹyọ kan tàbí méjì mọ́ ọn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó jókòó, ó kúnlẹ̀, ó jó, àwọn ìyá ọkọ ń yìn ín pé ara rẹ̀ kún fún ọlá. Ara yẹn kan náà ló di ẹ̀ṣẹ̀ nígbà tó wọ gáùn.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni má wọ gáùn o. Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á kò pọ̀: kí wọ́n kọ ínṣì àyà, ìbàdí àti ìdí sára gáùn kọ̀ọ̀kan dípò nọ́ńbà, kí wọ́n sì gbé èyí tó tóbi kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú àwọn yòókù. Ẹ̀yin tó ń lọ rà, ẹ yí inú gáùn síta kí ẹ tó dúnàádúrà. Bí aṣọ tó ṣẹ́ kù níbi ìrán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò bá tó ìbú ìka kan, tó sì ti ń fún yín, ẹ dá a padà sórí híńgà.